Má Ṣe Da Omi Ẹ̀fọ́ Nù

Ẹ̀kọ́ fún àwọn ìyá ilé, àwọn àgbẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ń jẹun láti inú ìkòkò kan náà

Bí ẹnikẹ́ni bá dúró ní ẹ̀yìnkùlé wa nígbà tí à ń múra oúnjẹ alẹ́, ohun kan wà tí yóò rí nígbà púpọ̀. Ìyá ilé yóò gbé ìkòkò omi ka iná. Nígbà tí omi náà bá hó, yóò da ẹ̀fọ́ tí a ti rẹ́ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ yóò kó ẹ̀fọ́ náà sínú ajere, yóò fi ọwọ́ méjèèjì fún un títí yóò fi di ìṣù líle, yóò sì da omi rẹ̀ sí ẹ̀bá ògiri. Ilẹ̀ yóò mu ún. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ṣe, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyá ìyá rẹ̀ ti ṣe.

Ṣùgbọ́n nínú ilé kan náà, ó lè jẹ́ pé ìyàwó kan wà tí ó lóyún oṣù márùn-ún, tí òòyì ń kọ́, tí inú ìpéǹpéjú rẹ̀ ti funfun, tí àyà rẹ̀ sì ń lù kìkì bí ó bá gbé garawa omi kan ṣoṣo. Àwọn ará ilé ń wá owó oògùn kiri fún un. Wọn kò mọ̀ pé apá kan nínú ohun tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń wá ni a dà sí ẹ̀bá ògiri ní alẹ́ àná.

Ohun tí a fẹ́ kọ́ nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju èyí lọ: kí a fi omi díẹ̀ àti iná jẹ́jẹ́ se ẹ̀fọ́, kí ọmọrí wà lórí ìkòkò, kí a sì jẹ omi rẹ̀ pẹ̀lú ewé. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún ni í lè pa á mọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ EWÉ

Ọlọ́run tí ó dá ewéko kò dá a fún ẹwà nìkan. Nínú tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewúro, ẹ̀bọ̀lọ̀, yánrin, wórówó, amúnútutù àti ewédú, ohun mẹ́ta wà tí a fẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ dájú.

Èkíní ni èròjà pípọ́n kan tí ó fara pamọ́ sábẹ́ àwọ̀ ewé. Irú èròjà yìí kan náà ni ó mú kí epo pupa pọ́n. Bí a bá jẹ ẹ́, ara a máa sọ ọ́ di fítámì A, èyí tí ojú fi ń ríran nínú òkùnkùn, tí ara sì fi ń dènà àrùn. Ọmọ tí fítámì yìí kò tó lára rẹ̀ a máa ṣe bí ẹni tí ó gọ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀: a máa kọsẹ̀ lára àpótí, a sì máa fi ọwọ́ wá àwo tí ó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Àwọn mìíràn a máa rò pé àìbìkítà ni, wọn a sì nà án. Kì í ṣe àìbìkítà. Ìríran rẹ̀ ni ó ń dín kù. Jákèjádò ayé, nínú gbogbo ohun tí ń fọ́ ọmọdé lójú tí a sì lè dènà, àìtó fítámì A ni olórí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró de ìkòkò ẹ̀fọ́. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá, níbi tí wọn yóò ti fún un ní ojúlówó fítámì náà. Ẹ̀fọ́ wà láti dáàbò bo ọmọ kí ọ̀ràn má baà dé ibẹ̀.

Èkejì ni fítámì tí àwọn onímọ̀ ń pè ní folate. Ìtàn rẹ̀ yẹ ní mímọ̀. Ní 1928 obìnrin oníṣègùn kan, ará Gẹ̀ẹ́sì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lucy Wills, lọ sí ìlú Bombay ní ilẹ̀ Íńdíà, ìlú tí à ń pè ní Mumbai nísinsìnyí. Ó lọ láti wádìí ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gbẹ lára àwọn aboyún tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ. Ó wo oúnjẹ wọn, ó sì rí i pé oúnjẹ àwọn tálákà ni ó ní àléébù. Ó fún wọn ní ohun kan tí a fà jáde lára ìwúkàrà, ẹ̀jẹ̀ wọn sì padà bọ̀ sípò. Ní 1931 ó kọ ìròyìn náà jáde fún gbogbo ayé. Síbẹ̀ kò tí ì sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nínú ìwúkàrà náà tí ó ṣe ìwòsàn. Ní 1941 àwọn onímọ̀ ní Texas, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kó ewé kan tí wọ́n ń pè ní spinach jọ, ó tó tọ́ọ̀nù 4, wọ́n sì fa èròjà kékeré kan jáde lára rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ èdè Látìn tí ó túmọ̀ sí ewé sọ ọ́ lórúkọ. Èròjà náà ni ó ti wà nínú ìwúkàrà Lucy Wills. Ẹ kíyèsí i: ohun tí ó ń wo aboyún sàn, ewé ni orúkọ rẹ̀.

Folate yìí ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Òun kan náà ni ó ń ṣọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ ọmọ inú oyún kí wọ́n má baà ní àbùkù, iṣẹ́ yìí sì ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, kí ọ̀pọ̀ obìnrin tó mọ̀ pé àwọn ti lóyún. Nítorí náà, kì í ṣe aboyún nìkan ni ẹ̀fọ́ wà fún, bí kò ṣe gbogbo obìnrin tí ó ti tó ọmọ bí.

Ẹ̀kẹta ni irin. Kì í ṣe irin ọkọ́ àti àdá bí a ti ń rí i, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba rẹ̀ tí ó kéré púpọ̀, tí ó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n. Ara kò tètè gba irin láti inú ewé bí ó ti ń gbà á láti inú ẹran àti ẹja. Ṣùgbọ́n bí ẹja bá bá ewé nínú ìkòkò, tàbí bí a bá jẹ ọsàn lẹ́yìn oúnjẹ, ara yóò gbà á dáadáa. Ẹni tí ó bá mu tíì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ó jẹ ẹ̀fọ́ tán ń dènà ìbùkún náà lẹ́nu ọ̀nà. Kí ó dúró fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

2. ỌNÀ TÍ OHUN RERE NÁÀ FI Ń SÁ LỌ

Àwọn kan a máa sọ pé iná ni ó ń ba ẹ̀fọ́ jẹ́, nítorí náà kí a jẹ ẹ́ ní tútù. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Iná ń mú ewé rọ̀, ó sì ń jẹ́ kí èròjà pípọ́n tí a sọ ṣáájú jáde kúrò nínú ewé, kí ara lè rí i gbà. Iná sì ń pa àwọn kòkòrò àrùn tí omi odò àti ìgbẹ́ ẹran máa ń fi sára ewé. Jíjinná dára. Àwọn ohun márùn-ún wọ̀nyí ni ọ̀tá ẹ̀fọ́:

Omi púpọ̀. Folate àti fítámì C ń yọ́ sínú omi bí iyọ̀. Bí a bá bọ ẹ̀fọ́ nínú omi púpọ̀ tí a sì da omi náà nù, folate tí ó bá a lọ lè tó ìdajì. Bí omi bá ti pọ̀ tó, bí a bá ti rẹ́ ewé wẹ́wẹ́ tó, bí ó bá sì ti pẹ́ nínú omi tó, bẹ́ẹ̀ ni àdánù náà ti pọ̀ tó.

Iná ńlá. Omi tí ó ti hó nínú ìkòkò wa kò tún lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, àní bí a bá kó igi oko kan sábẹ́ rẹ̀. Ní ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni yóò dúró, gbogbo igi tí a fi kún un yóò kàn di oru lásán. Iná ńlá kò mú ọbẹ̀ yá tó bí a ti rò. Igi àti omi ni ó ń jẹ, a ó sì tún bu omi mìíràn sí i. Àwọn baba wa wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Kán-ún. Òtítọ́ ni pé kán-ún ń mú ewé tètè rọ̀, tí ó sì ń jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ó ń pa fítámì C àti fítámì B kan tí iṣan ara ń lò. Ẹni tí ó bá ní sùúrù fún ìṣẹ́jú 5 sí i kò nílò kán-ún.

Epo tí a jó. Epo pupa tí a gbé ka iná títí ó fi funfun ti pàdánù èròjà pípọ́n rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó ran ojú ọmọ lọ́wọ́ ni a fi ṣe èéfín. Kí epo gbóná, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe yí àwọ̀ padà.

Oòrùn àti ìpẹ́. Ẹ̀fọ́ tí a já ní òwúrọ̀, tí ó wà lórí àtẹ nínú oòrùn títí di ìrọ̀lẹ́, ti rọ, kì í sì í ṣe omi ara rẹ̀ nìkan ni ó bá a lọ. Kí a já a ní òwúrọ̀ kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, kí a gbé e sí ibòji, kí a fi aṣọ tútù bò ó.

3. YÍYÀN ÀTI FÍFỌ̀

Ewé tí ó tutù, tí kò ní àbàwọ́n, tí egungun rẹ̀ ṣẹ́ pẹ́ú nígbà tí a bá fà á, ni kí a yàn. Kí a má ṣe já ẹ̀fọ́ tí ó hù lórí ààtàn, ní ẹ̀bá gọ́tà, tàbí ní etí títì tí ọkọ̀ ń gbà lọ gbà bọ̀, nítorí ewé a máa gba ìdọ̀tí ibi tí ó bá ti hù. Bí àgbẹ̀ bá fín oògùn kòkòrò sí i, kí ó ka iye ọjọ́ tí a kọ sára ìgò oògùn náà, kí ó sì jẹ́ kí ọjọ́ wọ̀nyí pé kí ó tó já a fún ọmọ rẹ̀ tàbí fún ọjà. Ẹni tí ó bá ta májèlé fún aládùúgbò rẹ̀ nítorí owó ọjà kan kò lè sọ pé òun kò mọ̀.

Fọ ewé náà kí o tó rẹ́ ẹ, má ṣe rẹ́ ẹ kí o tó fọ̀ ọ́. Fọ̀ ọ́ nínú omi mímọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí o máa gbé ewé kúrò nínú omi, kí o má ṣe da omi kúrò lórí ewé, kí iyanrìn lè kù sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí omi bá ti rò dànù lára rẹ̀, rẹ́ ẹ, kí ó má ṣe wẹ́ jù.

4. BÍ A TI Ń SÈ É

Ìwọ̀n yìí yóò tó ènìyàn 6 láti fi jẹ iyán, ọkà, ẹ̀bà, ìrẹsì tàbí iṣu sísè: ìdì tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ ńlá 4, tàtàṣé 4 àti ata rodo 2, tòmátì 3, àlùbọ́sà 2, epo pupa ṣíbí ìjẹun 5, irú ṣíbí ìjẹun 2, ẹja gbígbẹ 2 tí ó mọ níwọ̀n, edé ẹ̀kún ọwọ́ kan, àti iyọ̀ díẹ̀.

Lọ ata, tòmátì àti àlùbọ́sà kan lórí ọlọ, kí ó má ṣe kúnná jù. Rẹ́ àlùbọ́sà kejì. Gbé ìkòkò ka iná, da epo sí i, kí o sì fi àlùbọ́sà tí o rẹ́ sínú rẹ̀ títí yóò fi rọ̀. Da ata sí i. Nígbà tí ó bá hó, fa igi sẹ́yìn, kí iná kù díẹ̀, kí ọbẹ̀ náà máa hó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń mí jẹ́jẹ́. Fi irú, edé, àti ẹja tí a ti fọ̀ tí a sì yọ egungun rẹ̀ sí i. De ọmọrí, kí o fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Ní àkókò yìí ni adùn ẹja àti irú ń wọ inú epo, tí omi ata ń gbẹ, tí epo sì ń léfòó. Níbi ọbẹ̀ yìí ni kí a ti ná sùúrù wa, kí ewé má baà pẹ́ nínú omi.

Nígbà náà ni kí o kó ẹ̀fọ́ sí i, láìbu omi kankan mọ́ ọn yàtọ̀ sí èyí tí ó lẹ̀ mọ́ ewé. Ìkòkò yóò kún dé ẹnu, yóò sì dà bí ẹni pé kò ní gbà á. Má ṣe bẹ̀rù. De ọmọrí fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3. Ewé náà yóò rọ̀ sílẹ̀, omi ara rẹ̀ yóò sì jáde. Fi orógùn rò ó láti ìsàlẹ̀ wá sókè, tún de ọmọrí, kí o jẹ́ kí ó wà lórí iná jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 sí 8. Bí omi bá pọ̀ nínú rẹ̀, má ṣe dà á nù. Ṣí ọmọrí ní ìṣẹ́jú mélòó kan tí ó kẹ́yìn kí ó lè dì, tàbí kí o po ẹ̀gúsí tí a ti lọ̀ pẹ̀lú omi díẹ̀ sí i ní ìgbà tí ata ń sè lọ́wọ́; ẹ̀gúsí náà yóò gba omi ewé sára. Tọ́ iyọ̀ wò ní ìkẹyìn, nítorí irú àti ẹja ti ní iyọ̀ tiwọn.

Ìyá kan lè wí pé, “Bí n kò bá bọ ẹ̀fọ́, ọkọ mi kò ní jẹ ẹ́.” Ó dára. Bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kí omi má ṣe ju ife kan lọ. Kí ewé má ṣe ju ìṣẹ́jú 2 lọ nínú rẹ̀. Kí o sì da omi náà sínú ọbẹ̀ nígbà tí ata ń sè. Yóò gbẹ pẹ̀lú ata. Ọkọ kò ní mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò mọ̀.

Fún ọmọ tí ó ti pé oṣù mẹ́fà tí ó sì ti ń jẹ oúnjẹ mọ́ ọmú, bu ẹ̀fọ́ jíjinná díẹ̀ tí ata rẹ̀ kò ta, gún un kúnná pẹ̀lú ẹja tí kò ní egungun, kí o sì pò ó mọ́ ẹ̀kọ tàbí iṣu pẹ̀lú epo pupa díẹ̀. Láìsí ọ̀rá, èròjà tí ń ran ojú lọ́wọ́ kò lè wọ ara dáadáa.

5. ÀWỌN EWÉ TÍ Ó YÀTỌ̀

Kò sí òfin ìdáná tí kò ní ibi tí ó yà sí. Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí náà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹ̀kọ́ yìí ṣe ara rẹ̀ ní ibi.

Gbúre àti amúnútutù kún fún omi. Ìṣẹ́jú 3 tàbí 4 ti tó wọn. Kí ọbẹ̀ ata gbẹ dáadáa kí a tó kó wọn sí i, a kò sì ní rí omi tí a ó dà nù.

Ewúro ní tirẹ̀, kíkorò rẹ̀ ni a fi mọ̀ ọ́n. A gbọ́dọ̀ bó o pẹ̀lú iyọ̀, kí a sì ṣàn án. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bó o títí tí ó fi dà bí àkísà ti fọ oúnjẹ nù pẹ̀lú oró. Kí a fi kíkorò díẹ̀ sílẹ̀. Adùn a máa tẹ̀lé e. Nítorí pé ewé rẹ̀ le, ó lè wà lórí iná jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20.

Ẹ̀fọ́ ìyánà ìpájà ní oró nínú bí ó bá wà ní tútù. A kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ láìsè rí. Kí a sè é nínú ìkòkò ṣíṣí fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí oró náà lè bá oru lọ. Kí a da omi àkọ́kọ́ ewé yìí nù.

Bákan náà, ẹni tí òkúta ti wà nínú kíndìnrín rẹ̀ rí, tàbí ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ fún nípa àìsàn kíndìnrín, kí ó bọ tẹ̀tẹ̀ àti gbúre, kí ó sì da omi wọn nù, nítorí ohun kan nínú wọn wà tí kíndìnrín aláìlera kò lè rù. Ẹni tí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè kí ó tó sọ jíjẹ ẹ̀fọ́ di púpọ̀ lójijì. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí aboyún má ṣe fi ẹ̀fọ́ dípò oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn. Kí ó lo oògùn, kí ó sì jẹ ẹ̀fọ́.

6. ÀWỌN TÍ KÒ DÀ Á NÙ

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ẹ̀kọ́ tuntun àwọn òyìnbó ni èyí, kí ó gbọ́ nípa àwọn ènìyàn wa tí a kó lọ sí òkè òkun ní oko ẹrú.

Ní ìpínlẹ̀ Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá lọ, ọbẹ̀ ewé kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ efó títí di òní. Epo pupa, edé gbígbẹ, àlùbọ́sà àti ewé ni wọ́n fi ń sè é. Wọ́n gba òmìnira àwọn baba ńlá wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lè gba orúkọ ẹ̀fọ́ kúrò lẹ́nu wọn.

Ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà pẹ̀lú, àwọn ọmọ àwọn tí a kó láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò rí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ bí ti ilé. Wọ́n mú ewé tí wọ́n bá níbẹ̀, irú kábéèjì kan tí kì í dì, tí wọ́n ń pè ní collard. Ewé náà le. Nítorí náà wọ́n ń sè é lórí iná jẹ́jẹ́ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ẹran tí a fi èéfín gbẹ, àlùbọ́sà àti ata. Omi tí ó kù nínú rẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni “ọtí ìkòkò”. Wọ́n ń fi búrẹ́dì àgbàdo jẹ ẹ́, wọ́n sì ń fún ọmọdé àti aláìlera mu. Ní 1931 ọ̀rọ̀ omi ewé yìí di àríyànjiyàn nínú ìwé ìròyìn láàárín Huey Long, gómìnà Louisiana, àti olóòtú ìwé ìròyìn Atlanta Constitution: ṣé kí a ki búrẹ́dì àgbàdo bọ inú omi náà ni, tàbí kí a rún un sínú rẹ̀? Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín púpọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó wí pé kí a da omi náà nù.

7. EBÈ Ẹ̀FỌ́ LẸ́YÌN ILÉ

Ẹ̀fọ́ tí ó sàn jù ni èyí tí kò rìn jìnnà kí ó tó dé ìkòkò. Kí baálé ilé má ṣe wí pé iṣẹ́ obìnrin ni. Ilẹ̀ kékeré tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú àti ẹsẹ̀ bàtà 20 ní gígùn lè fún ilé kan ní ẹ̀fọ́ nígbà púpọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀.

Ro ilẹ̀ náà dáadáa, kí o gbé e ga díẹ̀ kí omi òjò má baà dúró sí i. Po ìgbẹ́ adìyẹ tàbí ti ewúrẹ́ tí ó ti jẹrà mọ́ erùpẹ̀. Tútù rẹ̀ yóò jó irúgbìn. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ kéré púpọ̀, nítorí náà pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí o tó fọ́n ọn, kí ó má baà ṣùjọ. Bu erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, kí o sì máa fi omi wọ́n ọn jẹ́jẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 o lè bẹ̀rẹ̀ sí í fa èyí tí ó pọ̀ jù láàárín wọn fún jíjẹ. Ní ọ̀sẹ̀ 5 tàbí 6, gé àwọn tí ó kù, kí o fi kùkùté rẹ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan láti ilẹ̀. Yóò tún rúwé. Má ṣe jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ so. Yan mélòó kan tí ó sígbọnlẹ̀ jù fún irúgbìn ọdún tí ń bọ̀.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tí ó ní àkùrọ̀ kò ní ṣe aláìní ẹ̀fọ́. Ṣùgbọ́n kí ó bomi rin ín ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò ní àkùrọ̀ lè sá ewé sílẹ̀ nígbà òjò. Kí ó sá a sí ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kì í ṣe sínú oòrùn, nítorí oòrùn ń pa èròjà tí ń ran ojú lọ́wọ́. Nígbà tí ó bá gbẹ tí ó sì ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kí ó kó o sínú ohun tí ó ní ìdérí, kí ó gbé e sí ibi òkùnkùn.

ÌPARÍ

Sólómọ́nì ọlọ́gbọ́n fi ewébẹ̀ lórí àwo tí ìfẹ́ wà nídìí rẹ̀ ṣíwájú màlúù àbọ́pa tí ìríra bá wá. Ìfẹ́ tí a ń sọ yìí kì í ṣe ti ẹnu nìkan. Ìyá tí ó fa igi sẹ́yìn kúrò lábẹ́ ìkòkò, tí ó de ọmọrí, tí kò sì da omi ẹ̀fọ́ sí ẹ̀bá ògiri, ti fi ìfẹ́ hàn sí ojú ọmọ rẹ̀ àti sí ẹ̀jẹ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀. Kò ná an ní kọ́bọ̀ kan; kódà, igi ìdáná yóò ṣẹ́kù fún un. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN TÍ Ó KA Ẹ̀KỌ́ YÌÍ

1. Kí ni ó ń bá omi lọ nígbà tí a bá bọ ẹ̀fọ́ tí a sì fún un?
2. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé fítámì A kò tó lára ọmọ, kí ni a ó sì ṣe kíákíá?
3. Kí ni ìdí tí iná ńlá kò fi sàn ju iná jẹ́jẹ́ lọ lábẹ́ omi tí ó ti hó?
4. Ewé wo ni a gbọ́dọ̀ da omi àkọ́kọ́ rẹ̀ nù, àwọn wo sì ni ó yẹ kí wọ́n da omi tẹ̀tẹ̀ àti gbúre nù?
5. Kí ni epo pupa tí a kò jó ń ṣe fún ẹ̀fọ́ nínú ara?
6. Ta ni nínú ilé rẹ tí ó yẹ kí o ka ẹ̀kọ́ yìí fún ní alẹ́ òní?